Igun Ọkọ́, Kì í Ṣe Igun Oko

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí, ọdún kejì tí mo di tíṣà, nígbà tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ pátákó kan tó gba ẹsẹ̀ ọ̀tún lára ọkọ ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti di arúgbó báyìí. Eyín mi kò pé mọ́, ọ̀pá ni mo sì fi ń rìn, ṣùgbọ́n inú tó bí mi nígbà náà kò tíì rọ̀. Ní oṣù tó kọjá ni àwọn kan tún wá koná mọ́ ọn. Ìdí nìyí tí mo fi mú bírò. Ẹ̀yin ọmọ mi, màá gbìyànjú láti tò ó létòlétò fún yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbínú kì í mọ ètò.

Òkè kan wà lẹ́yìn ìlú Ìwó, bí ènìyàn bá ń lọ sí Kúta. Òkè Agbọ́n ni orúkọ rẹ̀. Kì í ṣe agbọ̀n tí ẹ fi ń ru iṣu, kì í sì í ṣe àgbọn tí ẹ ń fọ́ jẹ. Agbọ́n tó ń ta ènìyàn ni, nítorí inú pàlàpálá àpáta ibẹ̀ ni wọ́n ń kọ́ ilé sí. Lónìí, ẹ bi ọlọ́kadà kan, á ní Òkè Àgbọn. Mo ti pàdé àlejò kan tó ń wá igi àgbọn kiri níbẹ̀. Mo ní kó máa wá a lọ, yóò rí ohun tí yóò ta á.

Àwọn tó ń fọ́ òkúta fún títì ló kọ́kọ́ la ọ̀nà yí òkè náà ká, kí n tó dáyé. Bàbá mi ní wọ́n kó òkúta tán, wọ́n bá tiwọn lọ, wọ́n sì fi ọ̀nà náà sílẹ̀ bí ejò ṣe ń bọ́ awọ sílẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ wá ń fi kẹ̀kẹ́ ru kòkó gba ibẹ̀. Ibi tí ọkùnrin méjì bá sì ti gun kẹ̀kẹ́ pàdé, tí ọmọbìnrin kan ń wò wọ́n, eré ìje ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí mo fi máa wọ iléèwé, kẹ̀kẹ́ ti di alùpùpù, tí gbogbo wa ń pè ní màṣíìnì, eré náà sì ti di ọdún gidi. Bó bá jẹ́ ọjọ́ kejì Àjíǹde la ṣe é lọ́dún kan, ọjọ́ kejì Iléyá la máa ṣe é lọ́dún tó tẹ̀lé e. Àwọn àgbà ló pín in bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ti ẹ̀sìn òun ni. Bó bá bọ́ sí Iléyá, àwa ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi á jẹ ẹran títí àgbọ̀n yóò fi máa ro wá. Bó bá bọ́ sí Àjíǹde, àwọn ọ̀rẹ́ wa Mùsùlùmí á wá fi ìrẹsì gbẹ̀san.

Iṣẹ́ pọ̀ kí eré tó ya. Àwọn obìnrin ọjà ń kó eérú wá láti ìdí ààrò wọn, wọ́n ń dà á sí etí ọ̀nà níbi tí ilẹ̀ ti já, kí ojú ẹni tó ń sáré lè rí funfun rẹ̀. Àwa tí a ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ ń pọn omi gun òkè, a ń wọ́n ọn sí ojú ọ̀nà kí eruku má baà gbé. Ọrùn mi ṣì mọ bí garawa yẹn ṣe wúwo tó.

Ní ti ìró rẹ̀, n kò mọ bí mo ṣe lè kọ ọ́ sílẹ̀. Òkè náà kì í jẹ́ ká rí ju apá kan ọ̀nà lọ, etí la fi ń wo ìyókù. Bí wọ́n bá bọ́ sí ẹ̀yìn òkè, ìró wọn á rẹlẹ̀, á máa kùn bí agbọ́n nínú akèrègbè. Lẹ́yìn náà ni yóò ṣàdédé bú jáde ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ìyá mi kì í gun òkè yẹn. Lórí àpótí rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé ló ti ń sọ fún àwọn tó bá wà nílé pé, "Ẹni tó wà níwájú yẹn ti tètè dín iná màṣíìnì kù, ẹ̀rù bà á." Bí àwa bá ti òkè délé, ohun tí a rí níbẹ̀ gan-an ló ti sọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń gun ọ̀kadà lónìí, ẹ ti tú páìpù èéfín yín sílẹ̀ kí ariwo lè pọ̀. Ariwo pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan.

Ẹ má rò pé ojú líle nìkan ló wà níbẹ̀. Lọ́dún kan, ọkùnrin kan tí a ń pè ní Gbájúmọ̀ ló kọ́kọ́ dé, pẹ̀lú adìyẹ kan láàyè tó há sáàárín ọwọ́ màṣíìnì rẹ̀. Ìyá tó ni adìyẹ ti gba ọ̀nà àbùjá, ó ti dúró dè é. Ó ní kó gbé e fún òun, òun kò rán adìyẹ òun wá sáré. Gbájúmọ̀ ní kí wọ́n kọ́kọ́ pe òun ní ẹni kìíní ná. Adájọ́ eré wò wọ́n, ó ní adìyẹ ló gbé ipò kìíní, nítorí òun ló jókòó síwájú. Títí Gbájúmọ̀ fi kú, "Igbákejì Adìyẹ" ni wọ́n ń pè é.

Adájọ́ tí mo wí yìí ni Bàbá Alágbẹ̀dẹ, ẹni tí àgbẹ̀dẹ rẹ̀ wà ní ẹsẹ̀ òkè. Òun ló ń tún irin màṣíìnì tó bá wọ́ ṣe, òun ló sì ń dá eré sílẹ̀. Kò sí ìbọn, kò sí fèrè. Á fi òòlù lu irin lẹ́ẹ̀mẹta, ní ẹ̀ẹ̀kẹta wọ́n ti lọ. Òun náà ló sọ gbogbo ibi tó ṣòro lójú ọ̀nà ní orúkọ. Ibi tí ọ̀nà ti fún, ó pè é ní Ọrùn Akèrègbè. Ibi tí ó ti ga tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó ń gùn ún ní láti fi àyà lélẹ̀ lórí táǹkì, ó pè é ní Fàyàwọ́. Lẹ́yìn Fàyàwọ́, nígbà tí ènìyàn bá rò pé òun ti ṣẹ́gun òkè, Igun Ọkọ́ ló kù.

Òfin kan ṣoṣo ló wà, òfin náà ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́. Ní ọjọ́ tó ṣáájú eré, gbogbo ẹni tó máa gun màṣíìnì gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà náà yí ká, kí ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ dárúkọ ibi kọ̀ọ̀kan. Bàbá Alágbẹ̀dẹ ló ń ṣíwájú, ọkọ́ kan lá á gbé lé èjìká. Bí wọ́n bá dé Igun Ọkọ́, á dúró, á gbé ọkọ́ náà sókè sí ẹni tó bá kéré jù nínú wọn.

"Kí lèyí?"

"Ọkọ́ ni, Bàbá."

"Irin rẹ̀, ta ló kọjú sí?"

"Ó kọjú sí ẹni tó dì í mú."

"Ọ̀nà yìí náà, ìwọ ló kọjú sí. Ó ń padà bọ̀ wá bá ọ ni. Bí o bá rò pé iwájú ló ń lọ, ìwọ nìkan ni wàá lọ."

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ibẹ̀ rí. Ọ̀nà á lọ tààrà bí ẹ̀rú ọkọ́, á wá ṣẹ́ padà lójijì bí irin rẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ kòtò àpáta. Ní gbogbo ọdún tí mo fi wò ó, ènìyàn ṣubú lórí òkè yẹn, ọwọ́ kán, eyín yọ, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò ṣubú ní Igun Ọkọ́. Ẹni tó bá ti fi ẹsẹ̀ rìn ín, tó sì ti fi ẹnu pè é, kò lè gbàgbé rẹ̀.

Bàbá Alágbẹ̀dẹ wá dàgbà, orúnkún rẹ̀ kò gba òkè mọ́. Ó ní kí a yan ẹlòmíràn tí yóò máa gbé ọkọ́ ṣíwájú. Ẹ gbọ́ ohun tí ìgbìmọ̀ eré ṣe. Ọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú ńlá dé ni wọ́n fi ṣe alága, Alága náà sì ni mo máa pè é. Ó ní fífi ẹsẹ̀ rìn kiri òkè jẹ́ ìwà àwọn ará àtijọ́ tí kò mọ̀wé. Ó ní ká kọ orúkọ ibi kọ̀ọ̀kan sára pátákó, kí ẹni tó ń bọ̀ kà á, ó parí. Wọ́n wá wá tíṣà tí ọwọ́ rẹ̀ dára. Èmi ni wọ́n rí, inú mi sì dùn bí ẹni tí wọ́n fi jẹ oyè.

Abẹ́ igi máńgòrò iléèwé ni mo ti kọ pátákó náà, lẹ́tà gàdàgbà, ọ̀dà dúdú lórí funfun. Mo fi àmì sí i bó ṣe yẹ. Alága wá wò ó, ó tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́.

"Tíṣà, kí ni àwọn eṣinṣin tó bà lé ìwé rẹ yìí?"

Mo ní, "Àmì ohùn ni, sà."

Ó rẹ́rìn-ín. "Àbí Òyìnbó ló ń bọ̀ wá kà á? Ta ni kò gbọ́ èdè ìyá rẹ̀ níbí? Nù wọ́n kúrò, kí pátákó lè mọ́ tónítóní."

Ẹ̀yin ọmọ mi, ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo kọ ọ́ sí ojú bọ́ọ̀dù fún kíláàsì mi, èyí tí gbogbo tíṣà Yorùbá fi ń bẹ̀rẹ̀: ọkọ ìyàwó, ọkọ́ tí a fi ń roko, ọkọ̀ tí a ń wọ̀. Mo na ọmọ kan nítorí pé kò fi àmì sí i. Àmọ́ nígbà tí Alága sọ̀rọ̀, mo ní "Ó dáa, sà." Mo da kẹrosíìnì sí àkísà, mo sì nu àmì náà kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Àmì abẹ́ lẹ́tà pàápàá, mo nù ún. IGUN OKO ló kù. Kò sí ẹni tó di ọwọ́ mi mú.

Ní ọdún yẹn, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Bọ̀dá Sámúẹ́lì, wá sáré fún ìgbà àkọ́kọ́. Télọ̀ ni wọ́n ní Olúpọ̀nnà. Àwọn ènìyàn ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé màṣíìnì méjì ni wọ́n ní, èyí tí wọ́n fi ń ránṣọ àti èyí tí wọ́n fi ń sá fún oníbàárà tí aṣọ rẹ̀ kò tíì ṣetán. Láàárọ̀ ọjọ́ eré, wọ́n pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n ní, "Àna mi, n kò mọ òkè yìí o. Ibo ló le níbẹ̀?"

Mo fi ìgbéraga dá wọn lóhùn. Mo ní, "Ẹ má ṣèyọnu, ẹ̀gbọ́n. Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sára pátákó. Ẹ ṣáà ti kà á."

Wọ́n kà á. Ìdí tí ìjàǹbá fi ṣẹlẹ̀ nìyẹn.

Èmi wà níbi tí wọ́n ń parí sí, pẹ̀lú ìwé àti bírò. A gbọ́ ìró wọn ní Ọrùn Akèrègbè, a gbọ́ bí wọ́n ṣe ń làkàkà ní Fàyàwọ́. Lẹ́yìn náà ni a gbọ́ ìró màṣíìnì kan tó ń ga sí i nígbà tó yẹ kó rẹlẹ̀. Ó ga, ó ga, ó sì já. Bàbá Alágbẹ̀dẹ tó jókòó sẹ́nu àgbẹ̀dẹ gbé orí sókè, ó ní, "Igun Ọkọ́ nìyẹn. Ta ló lọ tààrà?"

Ilẹ̀kùn ni wọ́n fi gbé Bọ̀dá Sámúẹ́lì sọ̀ kalẹ̀. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n gé ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn ní ilé ìwòsàn, ẹsẹ̀ tí wọ́n fi ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ. Nígbà tí wọ́n lè sọ̀rọ̀, mo dọ̀bálẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn.

Wọ́n ní, "Oko ni mo kà. Mo ní bí ọ̀nà bá ti já sí oko, ilẹ̀ ti tẹ́jú nìyẹn. Mo bá fún un ní iná."

"Ẹ̀gbọ́n, ọkọ́ ni."

"Ọkọ́ wo?"

"Ọkọ́ tí a fi ń roko."

Wọ́n ní, "Ìwọ náà lo kọ ọ́?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ìgbìmọ̀ ṣe ìpàdé. Alága dìde, ó ní pátákó kò jẹ̀bi, pé a kúkú kọ "Igun Ọkọ̀" síbẹ̀ gbangba láti kìlọ̀ pé kí àwọn tó ń gun ọkọ̀ ṣọ́ra. Ẹ tún gbọ́ ọ: Igun Ọkọ̀. Òun tó ní ta ni kò gbọ́ èdè ìyá rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ kò mọ orúkọ ibi tí a kọ. Ẹ̀gbọ́n mi, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ìwé kíkà ní kíláàsì àwọn àgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì, gun òkè lọ wo pátákó náà fúnra rẹ̀. Ó fi ìka tọ lẹ́tà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó bọ̀, ó ní, "Mo kà á. Ọkọ mi ni mo rí níbẹ̀." Kò tún bá mi sọ̀rọ̀ títí ìkórè ọdún tó tẹ̀lé e.

Àwọn baba wa ní bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Ẹ wo òkò náà dáadáa. Bí ẹ bá nu àmì rẹ̀ kúrò, lẹ́tà mẹ́ta kan náà ni.

Eré náà kò pẹ́ kú lẹ́yìn ìyẹn. Igbó bo ọ̀nà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wá kó eré yín sí títì Ilé-Ogbó, láàárín àwọn ọmọ iléèwé tó ń lọ sílé, láìrìn ín, láìdárúkọ rẹ̀. Bí ẹnìkan bá ṣubú, ẹ ń ya fọ́tò.

Nígbà tí mo wá gbọ́ ní oṣù tó kọjá pé àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ jí eré Òkè Agbọ́n dìde padà, inú mi dùn. Mo bá ọ̀pá mi gun ibẹ̀ lọ. Wọ́n ti ro ọ̀nà, wọ́n ti ri pátákó tuntun mọ́lẹ̀. Mo ka ti àkọ́kọ́: OKE AGBON. Mo rìn dé èyí tí mo mọ̀ pé màá bá níwájú, mo sì bá a: IGUN OKO.

Mo pariwo. Aṣáájú wọn, Kọ́lá, ẹni tí mo kọ́ bàbá rẹ̀ níwèé, sáré wá dọ̀bálẹ̀. Mo ní kí wọ́n fi àmì sí i kíá. Ó rọra rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá Tíṣà, ẹ má bínú. Kò sẹ́ni tó ń fi àmì sí nǹkan mọ́. Fóònù ò gbé e."

Mo ní, "Fóònù ló máa gun òkè ni?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan lẹ́yìn rẹ̀ wá béèrè, kò sì fi béèrè láti rí mi fín, ó ní, "Bàbá, nígbà tiyín, ṣé ẹ fi àmì sí i?"

Mo yíjú padà, mo sọ̀ kalẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì mo wọ ọkọ̀ lọ sí Olúpọ̀nnà. Bọ̀dá Sámúẹ́lì ṣì wà láyé, ẹ̀rọ ìránṣọ tí a ń fi ọwọ́ yí ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ náà. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ gún aṣọ, wọn kò gbójú sókè.

"O ṣì ń bínú?"

"Mo ń bínú, ẹ̀gbọ́n."

"Sí ta?"

"Sí àwọn ọmọ yìí. Sí Alága."

"Alága ti kú. Àwọn ọmọ yìí kò mọ̀. Ẹni tó di àkísà mú ni kí o bínú sí, kí o sì bá a ṣiṣẹ́." Wọ́n ní kí ẹ̀gbọ́n mi gbé ọkọ́ wá láti ẹ̀yìn ilé. Òun ló gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó bá mi so irin rẹ̀ le kó má baà yọ.

Ní ọjọ́ Sátidé tó kọjá, mo gbé ọkọ́ náà lé èjìká. Mo ti ránṣẹ́ sí Kọ́lá pé kó kó gbogbo àwọn tó máa sáré wá. Kì í ṣe gbogbo wọn ló wá. Àwọn kan ní àwọn kò ní àkókò fún ìrìn àwọn arúgbó, inú wọn ló sì tún ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí. A fi ẹsẹ̀ rìn ín, a ń dúró kí n lè mí. Ní Igun Ọkọ́, mo gbé ọkọ́ sókè sí ẹni tó béèrè ìbéèrè yẹn lọ́wọ́ mi. Mo ní kí lèyí. Ó dá mi lóhùn. Mo ní irin rẹ̀, ta ló kọjú sí? Ó bojú wo irin, ó bojú wo ọ̀nà, ó sún mọ́ etí kòtò, ó wo ìsàlẹ̀. Ó fà sẹ́yìn. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Kọ́lá di ọ̀dà mú fún mi. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì fi àmì sábẹ́ OKO lẹ́ẹ̀mejì, mo sì fi ọ̀kan sórí èyí tó kẹ́yìn. Àwọn àmì náà wọ́ díẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lè ṣe é. Lẹ́yìn náà ni mo so ọkọ́ náà mọ́ òpó pátákó, fún ẹni tí kò mọ̀wé àti fún ẹni tó mọ̀ ọ́n jù.

Wọ́n ní ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kọ́ ọgbọ́n kòtò yìí láìjìn sí i. Ẹ rin ọ̀nà kí ẹ tó sáré níbẹ̀. Ẹ fi àmì sórí ohun tí ẹ bá kọ. Bí ẹni ńlá kan bá sì na àkísà sí yín pé kí ẹ nu àmì kúrò, ẹ kí i dáadáa, ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀ bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gba àkísà náà.